Olójú-Pupa àbí Eléérú

Odindi ọjọ́ méjìlá ni mo fi ń wo kọ̀ǹpútà àgbélétan méjì tí mi ò rí ọ̀kan mú. Èmi tó jẹ́ pé títún wọn ṣe ni mo fi ń jẹun. Bí oníbàárà bá gbé tirẹ̀ wọlé, kó tó fìdí lélẹ̀ ni mo ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lórí ti bàbá mi yìí, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti ń fojú àánú wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ló fẹ́ fi ṣe géèmù, kì í ṣe ọmọdé kankan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ojú wọn òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, wọ́n á gbé sítíárìn oníke àti jíà rẹ̀ ka orí tábìlì, wọ́n á gbé bíréèkì rẹ̀ sábẹ́, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á so okùn rẹ̀ dáadáa, nítorí wọ́n ní kò sí awakọ̀ gidi tó ń wakọ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n á wá máa wa ọkọ̀ akẹ́rù inú kọ̀ǹpútà lọ. Gbogbo òfin tí wọ́n ń pa mọ́ nígbà iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pa mọ́ níbẹ̀. Wọn kì í fi ẹ̀yìn wakọ̀, ìyẹn ríbáàsì, lójú títì márosẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n yà, wọ́n á wa ọkọ̀ náà dé oríta mìíràn, ì báà jẹ́ ogún máìlì, kí wọ́n tó yí padà. Mo sọ fún wọn nígbà kan pé géèmù lásán ni, kò sẹ́ni tó máa kú. Wọ́n ní kí n lọ máa tú kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà, á jókòó sí ilé tirẹ̀, á sì máa wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà kan náà. Wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ látinú kọ̀ǹpútà, lórí ayélujára. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. Lórí fóònù, kí wọ́n tó kíra tán, ìjà ti dé. Láti kékeré ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ wọn ti máa ń wọ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e síwájú ọkọ̀ nígbà ọlidé, tí wọ́n ń pè é ní Igbákejì. Ibẹ̀ ló ti máa ń tú àṣírí rẹ̀ sílẹ̀, ìdánwò tó ti fìdí rẹmi, ọ̀rẹ́ tó já a kulẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kì í wo ojú ẹnìkejì. Ọ̀nà ni gbogbo yín ń wò, ọ̀rọ̀ á sì máa bọ́ lẹ́nu fúnra rẹ̀.

Ohun tó dá ìjà ńlá sílẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù yẹn gan-an. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ojú bàbá mi ti burú, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yọ́ wakọ̀ jáde ní ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi wálé, ó sì ta ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí mo mú wọn lọ rí dókítà ojú. Nígbà tí a fi máa padà dé, epo dúdú tó kán sílẹ̀ nìkan ló kù níbi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, àfìgbà tí mo dá ọgbọ́n géèmù yìí.

Ohun tí mo fi pa mọ́ fún bàbá mi ni pé èmi ni mo ní kó tà á. Èmi ni mo pè é wálé, èmi ni mo mú ìwé ọkọ̀ náà fún un láti inú agolo tó wà lẹ́yìn àpótí aṣọ wọn. Nígbà tí bàbá mi wá gbaná jẹ, mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà sì dákẹ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tí wàhálà kọ̀ǹpútà yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, mo ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ni mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: "Bàbá, ọjọ́ tí mo ta ọkọ̀ yín..." Kọ̀ǹpútà náà ṣe pàù. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, òórùn rọ́bà tó jó gba gbogbo yàrá. Ó pẹ́ kí bàbá mi tó gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Mo tú u wò lójú ẹsẹ̀, mo rí i pé kò lè jí mọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ojú wá ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá ẹ ru ẹrù yìí. Tí ẹ bá ti ra òmíràn, màá parí ọ̀rọ̀ mi."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí kọ̀ǹpútà mú. Lóòótọ́, mo ní àwáwí tó dára. Èyí tó jó yẹn, èmi ni mo yàn án, àṣìṣe tí mo sì ṣe níbẹ̀, oníṣẹ́ bíi tèmi nìkan ló lè ṣe é. Mo wo orí tábìlì iṣẹ́ mi, mo rí i pé irú rẹ̀ kì í wá síbẹ̀, mo ní á jẹ́ pé kì í bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n lẹ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí kò fi ṣeé tún ṣe. Tó bá ti kú, ààtàn ni wọ́n ń gbé e lọ, wọn kì í gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà ì bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé. Méjì ló kù nílẹ̀. Àwa tí a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kì í fi orúkọ ilé-iṣẹ́ pè wọ́n, ìnagijẹ la fi ń pè wọ́n. Ọ̀kan ni Olójú-Pupa, nítorí iná pupa tó ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Ó yára, àwòrán rẹ̀ dán gbinrin, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, fáànù rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Èkejì ni Eléérú, aláwọ̀ eérú, ó ki pọ́pọ́, ó wúwo, kò yá tó ẹnìkejì rẹ̀, àmọ́ ó dákẹ́. Mo kọ ìwà àwọn méjèèjì sí ẹ̀yìn páálí, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Oníbàárà kan rí mi, ó bi mí bóyá àfẹ́sọ́nà ni mo ń yàn. Díẹ̀ ló kù kí n lé e jáde.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e dé, aago mẹ́rin lù. Bàbá mi wọ bàtà, wọ́n jókòó síwájú tábìlì òfìfo, wọ́n ń fi ìka lu orí rẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n bọ́ bàtà náà. Mi ò rójú jókòó sílé, mo jáde lọ ra búrẹ́dì tí a ò nílò.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi ní àwọn ò lè dúró mọ́, a jọ ń lọ ni. Obìnrin ṣọ́ọ̀bù náà gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì kalẹ̀, ó tan géèmù ọkọ̀ akẹ́rù sórí wọn, mo sì ní kó jẹ́ kí wọ́n gbóná dáadáa. Lójú Olójú-Pupa, èèyàn lè ka ewé orí igi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù rẹ̀ gba ariwo. Bàbá mi fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó wà létí wọn, wọ́n sì fajú ro. Ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n lè fi nǹkan bo etí gbọ́ kọ̀ǹpútà; tí wọ́n bá dán an wò, á máa súfèé sí wọn létí.

Mo mọ ohun tí mo ń rò. Nínú ariwo yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọn ò ní gbọ́. Wọ́n á kàn máa dáhùn ẹn-ẹn, ẹn-ẹn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá gbọ́ tí wọn ò sì fẹ́ ká mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ti sọ ọ́, bàbá mi ò ní gbọ́ ọ, ilé á tòrò. Mo ti la ẹnu láti sọ pé Olójú-Pupa ni, pé òun ló yára jù.

"Èwo ló máa jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ?" bàbá mi bi mí. "Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo wo bàtà wọn. Wọ́n ti fi políìṣì pa á.

"Eléérú ni, Bàbá."

Obìnrin náà ní Olójú-Pupa ni gbogbo èèyàn ń rà. Mo wò ó, ó sì lọ bá wa mú báàgì.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù tí bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi ò rí ibi dúró sí. Mo nu tábìlì tó ti mọ́, mo mu omi, mo lọ wo ṣájà lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó wọlé. Nígbà tí ọ̀nà yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wà létí títì, ó ń retí wọn.

"Ẹ pẹ́, Bàbá."

"Ọkọ̀ ló bàjẹ́."

Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun bàbá mi. Àwòrán Eléérú ò dán, igi ibẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n mi mọ́ gaara bí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. Mo ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, mo tún ń padà. Ẹ̀gbọ́n mi wá bọ́ síwájú wọn lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ọjọ́ tí mo ta ọkọ̀ yín..."

Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Mo rò pé òun náà ń wò ó bóyá kọ̀ǹpútà á tún kú. Kò kú. Ohùn ara mi ni mo wá gbọ́.

"Èmi ni mo ní kó tà á, Bàbá. Èmi ni mo mú ìwé ọkọ̀ fún un."

Bàbá mi ò yíjú. Wọ́n tan iná, wọ́n ya ọkọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n padà sí ọwọ́ tiwọn.

"Mo mọ̀," wọ́n wí. "Ta ló tún mọ ibi tí agolo yẹn wà?"

Mo jókòó sórí páálí tí Eléérú bá wá. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé tí wọ́n bá ti mọ̀ látọjọ́ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan ni wọ́n bá jà.

"Ìwọ ní ilé tìrẹ tí o máa padà sí. Tí mo bá bá ẹ̀yin méjèèjì jà, ta ló máa kù tí màá máa bá gbé?"

Lójú kọ̀ǹpútà, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wà níwájú wa, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó yà sétí títì, ó dúró. Bàbá mi ti kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀.

"Kò dáa, Bàbá," ó wí. Ó ń sunkún, gbogbo rẹ̀ la sì ń gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò dáa."

Wọ́n tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ń dún, wọ́n gbé ọwọ́ lé jíà. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í sí ríbáàsì, ní àárín títì márosẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èèyàn gidi tó jókòó sílé wọn níbi tí mi ò mọ̀, fọn fèrè mọ́ wa. Bàbá mi na ọrùn, wọn ò rí ẹ̀gbẹ́ òsì.

"Wá bá mi wo ọwọ́ òsì," wọ́n sọ fún mi.

Mo dìde lórí páálí, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, ó kù díẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀, títí ọkọ̀ àwọn méjèèjì fi dọ́gba.