Àpò Funfun Bàbá Káfíńtà

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò yìí!"

Ìyàwó Bàbá Káfíńtà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù padà, ó dúró gbagidi níwájú irin tí wọ́n gbé àpò oúnjẹ funfun kọ́. Láti ibẹ̀ ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ inú iṣan ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ọrùn.

Ìyá Ikùn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn ni. Nítorí pé kò sí ikùn tí kì í gbé etí lé ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, mi ò bá tìjà wá."

"Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ fẹ́ yọ ohun tó dá ọkọ mi sí!"

Kì í ṣe irọ́. Ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, ìfun Bàbá lọ́ mọ́ra. Wọ́n gé ibi tó ti kú, wọ́n rán ìyókù pọ̀. Ìfun wá kọṣẹ́ sílẹ̀. Ohun yòówù tí Bàbá bá gbé mì, yóò bì í padà. Ìyá Ikùn fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa gba iṣan bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta ni ikùn náà ti ń kùn. Ìyá Ikùn sì ti rí ẹni tí kòkòrò àrùn gba ojú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni onítọ̀hún fi bá ikú wọ̀yá ìjà.

Dókítà wọ́ọ̀dù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Màmá yìí á fi igbe wólé lé wa lórí."

"Dókítà, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, ṣé ojú fèrèsé la ó ṣì máa gbà gbé oúnjẹ wọlé fún un, nítorí igbe?"

Ó lọ jókòó ti Bàbá. "Bàbá, kí lẹ̀yin alára wí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Oúnjẹ tí mo jẹ kẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó mú mi lọ."

"Ayùn tí ẹ ò bá fi gé nǹkan fún ọdún kan ńkọ́?"

"Á dípẹtà ni."

"Ìfun náà nìyẹn. Nígbà tó kọṣẹ́, àpò yìí ló gbà wá. Ní báyìí tó ti ń wáṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́."

"Ta ló sọ pé ó ń wáṣẹ́?" Màmá dá sí i.

Kí Ìyá Ikùn tó lanu, ìró kan jáde lábẹ́ aṣọ ìbora Bàbá. Ó gùn, ó sì ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Bàbá àwọn ọmọ!" Màmá fọwọ́ bojú. "Níwájú dókítà!"

"Ẹ má bá a wí o!" Ìyá Ikùn pàtẹ́wọ́. "Ọjọ́ mọ́kànlá la ti ń retí àlejò yìí!"

"Ẹ kú oríire!" ni aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì ké. Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá fọwọ́ di ojú abẹ mú kó tó lè rín tirẹ̀.

Wọ́n gbé omi ẹran lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Màmá gba ṣíbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá gba ti àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó dijú, ó gbé e mì. Gbogbo wọn ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ó gba ìkejì. Ó gba ìkẹta. Ìdajì wákàtí kọjá, kò bì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ni Bàbá wí.

Ìyá Ikùn mú fóònù. "Màmá, a ò ní já àpò yìí gbà lójijì. Bó bá ṣe ń jẹun sí i la ó máa dín in kù. Àwọn tó ń po oúnjẹ inú àpò ń dúró dè mí. Kí ni kí n ní kí wọ́n ṣe fún ọ̀la?"

Màmá wo àpò náà. Ó wo ọkọ rẹ̀, tó ti tún lanu de ṣíbí.

"Ìdajì ni kí wọ́n pò," ó wí. "Èmi ni n ó se ìdajì tó kù."