Fèrè Ẹlẹ́jọ́

Èmi alágbàfọ̀ yìí lè tẹ́tí sí ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì mọ èyí tó fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, etí mi ò gbọ́ ti ẹ̀rọ kankan mọ́. Ikọ́ ni mò ń gbọ́. Màá dúró nídìí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù á wà lọ́wọ́ mi, etí mi á sì ti gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ bá ọmọ mi nínú yàrá. Bó bá wúkọ́, màá dúró. Bí kò bá wúkọ́, màá tún dúró, torí mo fẹ́ mọ ìdí tí kò fi wúkọ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan pe àkíyèsí mi sí i pé mo ti lọ apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì òun lálọtúnlọ, apá òsì ṣì rún kalẹ̀. Mo ní kó má bínú. Inú ń bí èmi gan-an.

Ọmọ náà ò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹlẹ́jọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ di ẹjọ́. Bí o bá ní àkókò oorun ti tó, á ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ló sọ fún wa pé ásímà ló ń dí i láyà, pé ọ̀nà tí èémí rẹ̀ ń gbà máa ń wú nínú, ó sì máa ń fún. Ó kọ ínhélà méjì fún wa. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ojoojúmọ́, ara yá o, ara ò yá o, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wíwú náà lè rọlẹ̀. Èkejì, ìgbà tí èémí bá há nìkan ni. Wọ́n tún fún wa ní ike gbọọrọ kan tó ní ìbòmú lẹ́nu. Wàá ki ínhélà bọ ìdí ike náà, wàá fi ìbòmú bo imú àti ẹnu ọmọ dáadáa, wàá tẹ ínhélà, ọmọ á wá máa rọra mí oògùn náà látinú ike. Ẹlẹ́jọ́ ló sọ ike yẹn ní fèrè.

Èmi ni mò ń fún un. Ìyàwó mi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi ní tèmi, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kí n má tan yín, mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Màá mi ínhélà dáadáa, màá gbé ọmọ lé itan. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa ń jà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kó máa fi fèrè náà jí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì gbà. Tó bá mí tán, á fi omi ṣan ẹnu, á tu ú dànù, màá nu ojú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa nìyẹn, mi ò sì fo ìkankan.

Fèrè náà wá ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni mo fi ń yangàn. Bí ọmọ bá ti lò ó tán báyìí, mo ti rì í bọ inú omi ọṣẹ. Mo ní aṣọ ìnura funfun kan, rírọ̀ múlọ́múlọ́, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Òun ni mo fi ń nù ún, nínú, lóde, títí á fi máa dán bíi dígí. Nílé alágbàfọ̀, a kì í fi nǹkan sílẹ̀ ní tútù. Ìmọ́tótó borí àrùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Síbẹ̀ ikọ́ ò lọ. Ẹlẹ́jọ́ á sáré láti ẹnu ọ̀nà wá sídìí tábìlì mi, àyà rẹ̀ á máa súfèé. Ẹjọ́ rẹ̀ wá ń já lẹ́nu. "Dádì, ẹ sọ pé..." á dákẹ́, á wá èémí, "...ẹ máa ra..." á tún dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Ínhélà ìgbà ìnira, tó yẹ kó máa sinmi nínú dúrọ́ọ̀, ni mò ń fà yọ lemọ́lemọ́.

Ìyàwó mi náà yí padà. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ti kọ́ ọ pé kò sẹ́ni tí kì í parọ́. Tọ̀hún á ní òun ti sanwó, tìhín á ní ọmọ òun kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, kò ní tíì bọ́ bàtà tí á fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ fún un láàárọ̀?"

"Mo fún un."

Á wò mí lójú bí ẹni tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àná. "Ẹ fún un dáadáa?"

"Ṣé wọ́n tún ń fúnni láìdáa ni?"

Á mí kanlẹ̀, á lọ gbé etí lé àyà ọmọ. Mo mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ìyàwó òun máa ṣọ́ òun bí olè?

Ìyá ìyàwó mi ló tún wá bu epo síná. Ó pè lórí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé e fún mi. "Ọkọ ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi o. Ilé yín kún fún ooru, òórùn ọṣẹ ò jẹ́ kéèyàn mí. Bí dókítà bá sọ pé ara ọmọ ò tíì yá, ẹ jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi." Mo wo ìyàwó mi, mo rò pé á sọ pé rárá. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ń bọ̀, mi ò rídìí jókòó mọ́. Mo da ọṣẹ olóòórùn nù. Mo ṣí fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá, mo tún lọ ṣí i torí mi ò gbọ́ ikọ́ dáadáa. Mò ń fọ fèrè, mò ń nù ún títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ohun kan tún wá ń jẹ mí lọ́kàn. Nọ́ńbà kékeré kan wà lára ínhélà ojoojúmọ́ yẹn tó ń sọ iye tó kù nínú rẹ̀, ó sì ń yára wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ọmọ ló ń fi ṣeré, mo bá gbé e sórí pẹpẹ gíga. Nọ́ńbà ṣì ń sáré.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, dókítà gbọ́ àyà ọmọ, ó mirí. "Tó bá rí báyìí, a lè ní láti fi kún oògùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì, kó wo bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Kí wọ́n wo bí mo ṣe ń lò ó kẹ̀? Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin kúkúrú kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní kí n ṣe é kóun rí i. Mo ṣe é. Ẹlẹ́jọ́ mí, ó ṣanu, ó tu omi dànù.

"Ó dáa gan-an," ni nọ́ọ̀sì wí.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó mi. Ṣó o rí i báyìí? Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò mọ ìsinmi. Mo ti gbé fèrè lọ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, mo ti fa aṣọ ìnura yọ lápò, mo ti ń nù ún.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" ni nọ́ọ̀sì bi mí.

"Mò ń nù ún ni, mà."

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn?"

"Lójoojúmọ́! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó gba fèrè tó ti gbẹ náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ mi nù ún dáadáa sí i, ó já òwú wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, ó gbé fèrè sún mọ́ ọn. Òwú fò dìde, ó lẹ̀ mọ́ ike.

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé mi. Ta ló ń fọ aṣọ ọ̀rá bí kò ṣe èmi? Ta ló mọ̀ pé tí wọ́n bá ti fara nura ní gbígbẹ, wọn á máa ta pàràpàrà, wọn á máa lẹ̀ mọ́ra?

"Ara ike ni oògùn ń lẹ̀ mọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Díẹ̀ ló ń dé àyà ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ti tó, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan nù ún. Ẹ gbé e kalẹ̀, kó gbẹ fúnra rẹ̀."

Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gba oògùn mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Mi ò lè wo ìyàwó mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì ò tíì parí. Ó ní kí Ẹlẹ́jọ́ lanu, ó yẹ inú rẹ̀ wò pẹ́. "Kí ni funfun tó wà lórí ahọ́n yìí? Ṣé ó máa ń ṣanu lẹ́yìn oògùn?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó ṣanu ni," mo dáhùn. "Kò sígbà tí kì í ṣan án."

"Ta ló tún ń fún un?"

"Èmi nìkan ni."

Ìyàwó mi fa Ẹlẹ́jọ́ mọ́ra. Ẹlẹ́jọ́ wò ó, ó wò mí, ó wo nọ́ọ̀sì. Ẹjọ́ ti dé, kò sì lè mú un mọ́ra.

"Dádì máa ń fún mi pẹ̀lú fèrè," ó dúró, ó mí, "Mọ́mì máa ń fún mi láìsí fèrè. Tí oorun ṣì ń kùn mí." Ó tún mí. "Àmọ́ mi ò gbọ́dọ̀ sọ, torí bisikíìtì."

Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í gba nǹkan kan dúró ti ń pa àṣírí mọ́ lábẹ́ òrùlé mi.

"Mo rò pé wọn kì í fún un ni," ni ìyàwó mi wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ni. "Oògùn ò ṣiṣẹ́. Kí ni kí n rò? Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu bẹ́ẹ̀, orí ahọ́n ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa bọ́ sí. Oorun sì ń kun ọmọ, kò ṣanu, ohun tó fa funfun yẹn nìyẹn." Nọ́ọ̀sì jókòó, ó wò wá níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ gbọ́ o. Dádì ń fún ike lóògùn. Mọ́mì ń fún ahọ́n lóògùn. Ta ló wá ń fún ẹ̀dọ̀fóró?"

Nọ́ọ̀sì lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, wọn ò fi kún oògùn mọ́. Wọ́n kọ oògùn ahọ́n fún wa, wọ́n ní iye tí wọ́n kọ ni ká máa lò, ká má fi kún un, ká má dín in kù. Bí ikọ́ ò bá lọ, ká wá sọ. Bí èémí bá há, tí ínhélà ìnira ò sì tù ú, ká gbé e wá lójú ẹsẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Ẹlẹ́jọ́ wà léjìká mi. Mo gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò lọ.

"O pè mí ní òpùrọ́."

"Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó o ṣe burú ju kó o pè mí lọ."

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Ẹ̀rù ló ń bà mí! Ẹ̀ ń sọ pé ẹ ti fún un, àyà ọmọ ń súfèé. Ṣé ẹ̀yin ni kí n gbà gbọ́ ni, àbí àyà ọmọ?"

Mo gbé ọmọ sí èjìká kejì, mo sì ń rìn lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pè é. "Wá jókòó síbí. Láti òní lọ, bí mo bá ń fún un, kó o máa wò mí. Kí ojú rẹ rí i." Mo fẹ́ kó dùn ún ni, kí n má parọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ wò yín."

"Wò mí."

Ó jókòó. Bá a ṣe ń ṣe é nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Ojú ọmọ ni mo máa ń gbájú mọ́, mi ò jẹ́ gbójú sókè wo ìyàwó mi, mi ò sì bá a sọ ju ọ̀rọ̀ tó pọn dandan lọ. Lọ́jọ́ tá a bá fọ fèrè, omi á máa kán lára rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ á máa yún mi, màá tì í bọ àpò. Níbẹ̀rẹ̀, ikọ́ náà ò yí padà, mo sì ń lọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ikọ́ náà ń jìnnà síra. Ìyá ìyàwó mi tún pè. Ìyàwó mi gbé fóònù jáde, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Rárá, Mọ́mì. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló máa wà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yọ ìbòmú kúrò lójú ọmọ, mo na kọ́ọ̀bù omi sí i. Kò gbà á. Ó nàka sí ìyá rẹ̀.

"Dádì, Mọ́mì ò wò yín o, ẹ ní kí wọ́n máa wò yín, wọn ò wò yín rí, tẹ́ ẹ bá ti gbé fèrè báyìí ni wọ́n máa ń dijú pa títí ẹ ó fi ṣe tán, ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn, ẹ bá wọn wí!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, kò dúró mí. Mo gbójú sókè. Ojú ìyàwó mi ṣì wà ní dídì.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́."

Ẹlẹ́jọ́ ní kí n dá ẹjọ́ òun. Mo ní kó kọ́kọ́ ṣanu ná.