Ilé Tí Bernadine Fẹ́ Kú Sí

Oṣù kẹwàá ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ibùsùn Casimir, yìnyín ò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Erie rárá. Bernadine Gorski gbé korobá síbẹ̀, ó ní kí àbúrò òun lọ máa sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná náà ti ń wúkọ́ bí arúgbó. Bàbá wọn, tó ṣiṣẹ́ ní èbúté adágún, ló kọ́ ilé náà, ọjọ́ sì ti pẹ́.

Casimir ju àbúrò lọ. Ìyá wọn kú kété tó bí i, Bernadine tó ti ń lọ sí ọmọ ogún ọdún ló gbà á tọ́. Ara rẹ̀ dàgbà, ọpọlọ rẹ̀ ò bá a dàgbà. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ẹnìkan ní láti bá a de okùn bàtà. Bernadine lọ́kọ, ọkọ kú. Ó bí Corinne, Corinne lọ ń ṣiṣẹ́ ní Columbus. Casimir nìkan ni kò lọ síbì kankan.

Owó ìfẹ̀yìntì tí Bernadine ń gbà nídìí oúnjẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sè fún ọmọ ilé-ìwé kò lè tún òrùlé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tolliver ṣe wá láti ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan, tó jókòó ti tábìlì ìdáná, tó ń mu kọfí.

"Ìyáàfin Gorski, ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń bọ́ ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí ilé náà bọ́ yín wàyí. A máa yá yín lówó lórí ẹ̀, ẹ ò sì ní san án padà níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń gbébẹ̀. Ẹ ṣáà ti máa san owó orí ilé àti owó ìbánigbófò, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe."

"Tí mo bá wá kú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ máa sin èmi gan-an."

Casimir tó ń jẹ kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín, kéèkì fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bernadine, ó ní wàá sin òun! Ibo la máa sin ín sí?"

"Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ápù."

Tolliver náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun.

Corinne gbọ́ lórí fóònù, inú rẹ̀ dùn. "Mọ́mì, ẹ gbà á jàre. Mi ò dúró de ogún kankan. Ẹ fi jẹun, ẹ fi yáná."

Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí àgbàlagbà tó fọwọ́ sí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe ti ayánilówó sọ̀rọ̀. Obìnrin kan, Ìyáàfin Ledbetter, ló pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

"Ta ló ń bá yín gbé?"

"Àbúrò mi ọkùnrin ni."

Nígbà tó gbọ́ ọjọ́ orí Casimir àti bó ṣe rí, ó mí kanlẹ̀. "Ìyáàfin Gorski, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta sókè nìkan ni wọ́n lè fi kún ẹ̀yáwó náà, òun ò sì tíì tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, gbèsè dé nìyẹn. Tí kò bá rówó san, wọ́n á ta ilé, òun náà á sì jáde."

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yẹn?"

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yẹn. Ká ní ọkọ yín ni, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà yìí kì í ṣe májèlé o. Ó dáa fún ẹni tó máa pẹ́ nílé ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbójú lé ilé náà lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ níbẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá pẹ́ níbẹ̀, ó ti pàdánù. Ṣé ẹ rò pé ẹ máa pẹ́?"

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni dókítà ti sọ fún Bernadine pé jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ nínú, pé bí ó bá fojú rí ìgbà tí ewé ń rú, kó dúpẹ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo ṣì wà," ó dáhùn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Kí a má parọ́, ó wù ú láti fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ kú sínú ilé tó móoru, nínú yàrá tí wọ́n bí i sí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ti lọ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun, pé òun ti ṣe tòun, ó tó gẹ́ẹ́. Yóò sọ bẹ́ẹ̀ tán, Casimir yóò wọlé, yóò na ẹsẹ̀ sí i kó bá òun de bàtà, ojú yóò sì tì í.

Nígbà tí Corinne wá lọ́jọ́ Sunday, ó bá a pé ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ kábéèjì tó wà níwájú rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ tún ń rò? Ṣé kí òrùlé wó lù yín ni?"

"Mo ń kú lọ, Corinne."

"Gbogbo wa là ń kú lọ."

"Tèmi ti dé ẹnu ọ̀nà. Jẹjẹrẹ ni."

Corinne dìde, ó tún jókòó. Ó bínú kó tó sunkún. "Láti ìgbà wo? Ẹ wá ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ òrùlé!" Nígbà tí ẹkún dá, Bernadine bi í ní ìbéèrè tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí: ṣé ó lè mú Casimir sọ́dọ̀? Corinne mi orí.

"Mi ò lè ṣe é, Mọ́mì. Yàrá kan ni mo ní, àárọ̀ kùtù ni mo ń jáde. Ẹ má jẹ́ kí n ṣèlérí tí mi ò ní mú ṣẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bernadine bí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó yìn ín nínú ara rẹ̀ pé kò tan òun.

Ni wọ́n bá ta ilé náà, pẹ̀lú òrùlé jíjò, kó tó di Kérésìmesì. Wọ́n fi owó rẹ̀ wá ilé kan ní ìlú Edinboro fún Casimir, níbi tí àwọn mẹ́rin bíi tirẹ̀ ti ń gbé pẹ̀lú olùtọ́jú. Bernadine háyà yàrá kan nítòsí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó jáde, Casimir di irin àtẹ̀gùn mú.

"Ta ló máa sùn nínú yàrá mi?"

"Ẹlòmíì ni, Kazi."

"Sọ fún un pé omi ń kán síbẹ̀."

Ìgbà méjì àkọ́kọ́ tí Bernadine lọ kí i, ó bá a pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, àpò rẹ̀ lórí itan, ó ń sunkún pé ilé yá. Bernadine padà sí yàrá rẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá kò ṣe ìkà sí ara wọn méjèèjì.

Ní ìparí oṣù kejì, Corinne ló wà á lọ, nítorí kò lè dá rìn mọ́. Wọ́n bá Casimir nídìí káàdì pẹ̀lú ọkùnrin sísanra kan, ó ń pariwo pé ọkùnrin náà ń ṣe màgòmágó. Ó juwọ́ sí Bernadine láìdìde.

"Mò ń nà án lọ́wọ́! Dúró ná!"

Bernadine dúró. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nínú mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé ó tún ní ilé yá ni?" Corinne bi í.

"Rárá," ni Bernadine wí. "Kò tiẹ̀ dárúkọ ilé."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú, nínú yàrá tó háyà, yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀.