Ìwé Fẹ̀ Ju Yàrá Lọ

Ọ̀jẹ̀túndé mọ ìwọ̀n bí ẹní mowó. Ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Fìdítì ni ilé rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti ń wọ mọ́tò láràárọ̀, ibẹ̀ náà ló ń padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọlé ní Fìdítì tàbí ní Ìlorà, òun ni wọ́n ń pè kí ó wá ta tépù sórí ilẹ̀. Wọn kì í bá a jiyàn. Ohun tí Ọ̀jẹ̀túndé bá ti kọ sílẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Ní ọdún kejì tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù dé, Ṣàngótóyè, ẹni tí ó fi ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó títà là, kọ́ ilé gbọọrọ kan sí ẹ̀bá títì Ọ̀yọ́. Kò fẹ́ gbé inú rẹ̀, kò sì fẹ́ fi háyà. Ó dá a sí fúláàtì mẹ́rin, ó ní òun máa tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní àdúgbò náà. Àwọn ènìyàn ń béèrè bí ènìyàn ṣe lè ra yàrá láìra ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣàngótóyè rí i pé ìwé tó dára nìkan ló lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó bá ránṣẹ́ pe Ọ̀jẹ̀túndé.

Ọ̀jẹ̀túndé wọn inú yàrá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Yàrá tó tóbi jù nínú fúláàtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti ààbọ̀ níbùú lóòró. Ṣàngótóyè wo ìwé náà, ó mi orí. Ó béèrè pé ta ló máa rìn wá ra mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ó ní búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri, ṣé òun kọ́ ni òun rà á? Kí ó lọ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ògiri dé ẹ̀yìn ògiri.

Ọ̀jẹ̀túndé mọ̀ pé ènìyàn kì í sùn sínú ògiri. Ṣùgbọ́n Ṣàngótóyè ló bá a bẹ ọ̀gá ibi iṣẹ́ nígbà tí kò ríṣẹ́, tí wọ́n fi gbà á ní Ìbàdàn. Kò mọ ẹnu tí òun máa fi kọ̀ fún un. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́wàá àti ààbọ̀ di méjìlá. Fàráńdà iwájú tí gbogbo ilé jọ ń lò, ó pín in sí mẹ́rin, ó fi ìdá kọ̀ọ̀kan kún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Òǹkà rẹ̀ pé. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n nìkan ni kò kọ síbẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé fúláàtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹni kejì tó wá wo ilé ni Ọmọ́ṣaléwá, agbẹ̀bí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Nọ́ọ̀sì. Ọmọ Ìlorà ni. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ mú Àníkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kúrò ní agboolé wọn wá sọ́dọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí àìsàn ti mú ẹsẹ̀ Àníkẹ́ méjèèjì. Orí àga onítáyà ló ń wà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń yí táyà náà. Ní agboolé, àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Bí wọn kò bá gbé e, kò lè jáde.

Lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì wá, àpò sìmẹ́ǹtì àti pákó ló kún inú yàrá náà. Kò rí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ka ìwé ara ilẹ̀kùn, ó sì yíjú sí Ọ̀jẹ̀túndé tí ó bá Ṣàngótóyè wá.

“Ìwọ ni mo máa bi, torí ìwọ kọ́ lo ń tajà. Bí mo bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì síbẹ̀, ṣé àga ẹ̀gbọ́n mi á lè yí po láàárín wọn?”

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni Ọ̀jẹ̀túndé ti ṣe ìṣirò náà lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀dì méjì á gba ẹsẹ̀ bàtà méje. Irú àga bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ márùn-ún kí ó tó lè yí. Ó mọ ohun tó máa kù nínú mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ṣàngótóyè dúró lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì, ó ń wò ó.

“Bí ó ṣe wà nínú ìwé ni, Mà,” ló wí. “Á yí.”

Nọ́ọ̀sì ṣe àdúrà fún un, ó sì ra ilé náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n kó wọlé, gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń gbé Ọ̀jẹ̀túndé kọjá níbẹ̀ ló máa ń rí Àníkẹ́ ní fàráńdà, yálà oòrùn mú tàbí kò mú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé atẹ́gùn ni ìyá náà fẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí apá kejì mọ́tò kí ojú rẹ̀ má baà débẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, òjò ká a mọ́ iwájú ilé náà. Ìjì ń fẹ́ omi wọ fàráńdà, Àníkẹ́ nìkan ló sì wà níbẹ̀, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀jẹ̀túndé sáré wọlé, ó ti àga rẹ̀ dé inú yàrá. Láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó fẹ́ yí i padà, àga há. Ó tún un tì. Àníkẹ́ yára fa ọwọ́ kúrò lára táyà, ìgbà náà ni Ọ̀jẹ̀túndé rí i pé gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ló bó.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi,” ni Àníkẹ́ wí. Kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. “Bí mo bá ti wọ ibí, n kò lè jáde mọ́ títí àbúrò mi á fi dé. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń jókòó síta.”

Bí Ọ̀jẹ̀túndé ṣe ń wá aṣọ gbígbẹ fún un, ìyá náà ń ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó wọn ilé náà kì í ṣìrò, àbúrò òun ló ṣi ìwé rẹ̀ kà kí wọ́n tó ya á kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó ní ìyẹn ti fi tépù ìránṣọ wọn yàrá náà tó ìgbà mẹ́ta, ó sì ń sunkún pé ojú òun ti fọ́, pé ìkánjú ni kò jẹ́ kí òun rí ohun tí òun kà dáadáa. “Mo ní kó dákẹ́. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?”

Ọ̀jẹ̀túndé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Fúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, ó gbé àwo oúnjẹ padà fún un. Ẹni tó jẹ̀bi ń rìn fàlàlà láàárín ìlú, aláìṣẹ̀ wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ibi tí ó ti wọn ilé náà fún un. Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

“Nígbà tí mo bi ọ́, ṣé o ti mọ̀ pé kò ní yí?”

“Mo mọ̀, Mà.”

Nọ́ọ̀sì tún ìró rẹ̀ ró. “Nígbà tí ìyàwó rẹ ń rọbí lọ́dọ̀ mi tí ọmọ dábùú, ó bi mí bóyá ọmọ náà á yè. Mo ní n kò mọ̀. Ó ṣòro láti sọ, àmọ́ mo sọ ọ́.” Ó wá nawọ́ sí inú ilé. “Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní bá ọ sọ ọ́.”

Àníkẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò wo Ọ̀jẹ̀túndé tí ó wà nílẹ̀; àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò.

“Ọmọ́ṣaléwá, ṣé o gbọ́?” ló wí. “Kì í ṣe ìwọ.”

Nọ́ọ̀sì fi ìró bo ojú.

Ògiri kan wà láàárín yàrá náà àti sítọ́ọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé mọ̀ pé òrùlé kò fi ara tì í. Ó bẹ Amos bíríkìlà lọ́wẹ̀, ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi wó o, tí wọ́n sì rẹ́ ẹ. Àga náà wá ń yí. Ṣùgbọ́n kò sí sítọ́ọ̀ mọ́; abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìkòkò àti àpótí wọn ń gbé.

Ó tún lọ bá Ṣàngótóyè pé òun fẹ́ tún ìwé fúláàtì méjì tó kù kọ. Ìyẹn lé e jáde, ó ní aláìmoore ni. Bí Ọ̀jẹ̀túndé ṣe kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ilé gbọọrọ náà, ó ya ìwé méjèèjì kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó lọ sọ fún Ọlájídé, tíṣà tó kọ́kọ́ rà nínú ilé náà. Ọlájídé rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbé okùn wá wọn inú yàrá òun kí òun tó rà á. Òun rò pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àníkẹ́ máa ń juwọ́ sí mọ́tò nísinsìnyí bí ó bá rí Ọ̀jẹ̀túndé nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ń dá a lóhùn bí ó bá kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ kan pẹpẹ tí wọn yóò máa to ẹrù sí, Amos ló pè, kì í ṣe Ọ̀jẹ̀túndé; Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sì di orí tépù mú.