Wọn Kì Í Ṣe Nǹkan Kan

Dókítà Olúyẹmí ń ka èémí mi lọ́wọ́ nílé ìwòsàn kan ní Ọ̀fà, ó tẹjú mọ́ àyà mi, nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ ọmọ mi wọlé láti Ìlọrin. Ọyẹ́ ọdún 1989 ni. Ọ̀fìnkìn ni àìsàn mi fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kòkòrò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n èémí tí ǹ bá fi dáhùn kò sí.

Dókítà bi ọmọ mi pé, "Kí àìsàn yìí tó dé, kí ni Bàbá ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe?"

"Bàbá wa kẹ̀?" Olúṣẹ̀yẹ tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. "Wọn kì í ṣe nǹkan kan, dókítà. Omi ìwẹ̀ pàápàá, àwa la ń gbé e fún wọn. Ìjókòó ni tiwọn, oúnjẹ ni tiwọn."

Ohun tí ọmọ gidi ń sọ nìyẹn. Ta ni yóò sọ níta pé bàbá òun ṣì ń roko? Ṣùgbọ́n dókítà gbà á bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Kò sí ọ́síjìn níbí. Ìlọrin ló wà, ọ̀nà náà yóò sì ni wọ́n lára. Àgbàlagbà tó bá lágbára kí irú èyí tó dé, ó sábà máa ń dìde. Ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀, kì í sábà là á já. Bóyá kí ẹ gbé wọn lọ sílé, kí ẹbí wà lọ́dọ̀ wọn."

Olúṣẹ̀yẹ bú sẹ́kún.

Àsìkò náà ni Susannah, ìyàwó mi, gbé fúláàsì ẹ̀kọ wọlé. Ó bi ọmọ rẹ̀ ní ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ọmọ sọ fún un. Ó gbé fúláàsì kalẹ̀.

"Ta ni kì í ṣe nǹkan kan?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló kọ ebè tó kún oko wa lọ́nà Ìlemọ́nà lọ́dún yìí? Ṣé ìwọ lo fi táì bọ ọrùn wá kọ ọ́?"

"Mummy, ẹ má dójú tì mí. Wọn á ní a ò tọ́jú yín."

"Ṣé torí kí ojú má baà tì ọ́ la ó ṣe sin bàbá rẹ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ máa bá a wí lọ." Ó yí ọwọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi níbi tí ọkọ́ ti sọ ọ́ di líle. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, mo sì fún un.

"Yéè! Ó tó, Bàbá, mo ti gbọ́."

Ó pe dírẹ́bà ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé Ìlọrin, wọ́n ti fi ọ́síjìn sí mi nímú. Olúṣẹ̀yẹ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, á ní, "Bàbá wa tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, wọ́n ń kọ ebè o!" Àwọn nọ́ọ̀sì sọ mí di Bàbá Elébè. Kò bí mi nínú.

Mo padà sí Ọ̀fà nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo gbin iṣu mi, ó sì ta dáadáa. Ṣùgbọ́n òkè tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ réluwé lọ́nà oko, mo máa ń dúró mí kí n tó gùn ún tán.