Fèrèsé Tí Aránṣọ Tì Pa

Kékeré ti dé àárín pákó tóóró tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní pápá ilé ìwé kí ìyá rẹ̀ tó dìde fùú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀," ni ìyá náà tó jẹ́ aránṣọ wí. "Ọmọ mi kì í rìn lórí ilẹ̀ gbalasa kó má ṣubú."

Olùkọ́ eré ìdárayá kò gbé e. Ó ní kí ìyá fara balẹ̀, pákó náà kò ga ju àgbébọ̀ adìẹ lọ. Kékeré na apá bí ẹyẹ, ó mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó sì dé òpin. Ìyá rẹ̀ jókòó padà, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí pé ó ní ẹ̀gbọ́n nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n náà já sínú kànga àgbàlá, ó sì kú, nígbà tí Kékeré ṣì ń rákòrò. Wọ́n ti fi kọnkéré dí kànga, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ òkú ọmọ. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ aránṣọ bi í lójú gbogbo èrò pé: "Ṣebí ojú fèrèsé ni o jókòó sí nídìí ẹ̀rọ rẹ? Báwo ni o kò ṣe rí i?"

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti ń rí i. Bó bá ti dijú, á rí aṣọ pupa, á rí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí kànga, á sì rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń ránṣọ lọ. Ó ti fèrèsé náà pa, ó gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn ilé, kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Kékeré ló wá so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

Bí ọmọ náà ṣe dàgbà láìgun nǹkan, láìsáré, nìyẹn. Nílé ìwé, ó ń wọ bàtà òsì sí ọ̀tún, ó ń ṣìnà láti ilé ìtọ̀ padà sí kíláàsì, àwòrán ilé lásán kò ṣeé wò yà fún un. Olùkọ́ eré ìdárayá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun.

"Ìyá, ara ló ń kọ́ ojú inú," ló wí. "Ọmọ tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí ilé wà?"

Kékeré ń fò, ó ń hán bọ́ọ̀lù, ó ń rá kọjá lábẹ́ àga, ó ń dijú rìn láti ògiri dé ògiri. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, bí wọ́n bá to páálí jọ, ó lè ka èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn láìyí i wò. Bí wọ́n bá da àwòrán dojú dé, ó mọ ibi tí orí rẹ̀ kọjú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ bá a nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ òwú àti páálí to ilé wọn pátá: yàrá, ilé ìdáná, ẹnubodè. Ìdérí ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.

"Kí nìyí?" ni ìyá bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Kànga ni. Ẹ̀yin nìyí." Ó gbé bọ́tìnì kan sójú fèrèsé, ó sì tẹrí ba títí ojú rẹ̀ fi bá bọ́tìnì náà dọ́gba. "Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀ ń wo ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò lè rí i. Ògiri ilé ìdáná dí i. Ẹnubodè nìkan lẹ máa rí."

Ìyá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì òun. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó wá lọ sídìí fèrèsé, ó fa ìkọ́ rẹ̀ tó ti dípẹtà, ó fi èjìká tì í títí ó fi ṣí. Ó gbé àpótí síbi tí àga rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó.

Ó rí ẹnubodè. Ó rí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì. Ògiri ilé ìdáná dúró gbọin-in, bó ṣe wà kí wọ́n tó bí ọmọ méjèèjì.

Inú rẹ̀ kò dùn. Òtútù ló mú un. Ọmọ aláṣọ pupa tí òun ti ń rí láti gbogbo ọdún yìí, níbo lòun ti rí i? Ó dijú. Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí kànga, ṣùgbọ́n aránṣọ kò mọ ibi tí òun fúnra òun dúró sí tí òun ti ń wò ó.

Kékeré wá jókòó tì í lórí àpótí.

"Mọ́mì, kí lorúkọ rẹ̀?"

Aránṣọ la ẹnu. Ó pe orúkọ náà, ó sì tún un pè, kí Kékeré lè gbọ́ ọ yékéyéké.