Sàráà Àlímátù

Ní ọdún 1983, ẹ̀gbọ́n mi Bùsàrí gbé ọmọ mi Àlímátù lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù. Ó gbé e padà láìgbà á, ó ní dókítà sọ pé àìsàn náà ti tán. Mo gbà á gbọ́. Òun ló tọ́ mi dàgbà ní Ìlọrin, òun ló mú mi wá sí Abuja wá ṣe káfíńtà, n kì í sì í bá a jiyàn nígbà náà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ló wú. A rò pé eyín ni, a tiẹ̀ ti yọ méjì kí dókítà tó sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé abẹ́rẹ́ púpọ̀ ló máa gbà. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, kíá ni wíwú náà lọ sílẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń pariwo kiri àgbàlá. Iṣẹ́ òrùlé ni kò jẹ́ kí èmi fúnra mi gbé e lọ gba èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe sàráà ọpẹ́ fún un. Ó pa àgbò, àfáà ṣàdúrà, gbogbo ará Ìlọrin tó wà ní Nyanya, níbi tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, jẹun. Kò pẹ́ tí wíwú náà fi padà, ó wọ inú ikùn. Nígbà tí mo gbé e dé ọsibítù, dókítà bi mí pé níbo la ti wà látọjọ́ yìí. Mo sin ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní dókítà mìíràn ló bá òun sọ̀rọ̀. Fún àwọn èèyàn, ó ní ibà ló pa á. Mo kó kúrò nílé rẹ̀ lọ sí Kugbo. Bó bá kí mi, mo ń dáhùn. Oúnjẹ rẹ̀ ni n kò jẹ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ mí kí n wá tún ilẹ̀kùn wọn ṣe. Nítorí obìnrin náà ni mo ṣe lọ. Mo ń kan ìṣó lọ́wọ́ nígbà tí Ìbídùnní, ìyàwó dírẹ́bà tó wà ládùúgbò, pọn ọmọkùnrin rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀! Abẹ́rẹ́ kan péré!"

"Alihamudulilahi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n ní kí n gbé e padà lọ lọ́la. Mo ní fún kí ni? Gbogbo irun orí ẹ̀ ló ń re dànù. Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé e lọ. Ṣebí ẹyọ kan náà ni Àlímátù tiyín gbà, kí ibà tó wá pa á?"

Mo gbé hámà sílẹ̀. "Ẹ dá a lóhùn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ."

"Jàbárù, ṣé ilẹ̀kùn lo wá ṣe àbí ẹnu mi?"

"Ilẹ̀kùn á dúró. Ẹnu yẹn ló ti bàjẹ́ jù. Ẹ wo ọmọ yẹn lójú, kẹ́ ẹ tún un sọ pé ibà ni."

"Kai! Ẹ má torí mi jà o," ni Ìbídùnní wí. Ó tún ọ̀já so. "Ẹ jẹ́ n máa lọ di ẹrù mi."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà yọrí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìbídùnní, padà." Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ibà kọ́. Jẹjẹrẹ yẹn náà ló padà. Gbé ọmọ ẹ lọ lọ́la, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá ẹ dúró. Èmi ò rí dókítà kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo ti pe àwọn èèyàn sí sàráà. Mo rò ó pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ṣì ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n á ní ọpẹ́ irọ́ ni mò ń dá. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo gbé e lọ, kó wọn aṣọ sàráà fún un. Mo wá purọ́ fún bàbá ẹ̀ tó dúró yìí."